Ẹnìkan Ò Gbọdọ̀ Tẹ Koríko Hallam

Belper, ní Derbyshire
8 Oṣù Kọkànlá, 1959

Thelma ọmọ mi,

Ẹ kú oòrùn o, ìwọ, Clifford ọkọ rẹ, àti Gwen ọmọ-ọmọ mi tí mi ò tíì fojú kàn. Àwa tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní England níbí, òtútù là ń bá jà. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá gbé e fún Ìyáàfin Platts ará ilé kejì, torí bí mi ò bá gbé e fún un, á kàn jókòó sí ilé ìdáná mi, á máa mu tíì mi títí n ó fi yọ ọ́ lápò.

O béèrè ara mi. Ara le. Dókítà ní ọkàn mi ti ń ṣọ̀lẹ, pé kí n má ṣe iṣẹ́ agbára níta títí òtútù á fi lọ. Mo ní, "Dókítà, ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ń fa irin ní rélùwéè kí ọkọ̀ ojú irin tó rọ́nà kọjá, ọkàn yìí ò já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣé koríko ló máa wá pa á?" Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún.

Ọ̀rọ̀ koríko iwájú ilé gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Igi ńlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọn gbogbo ewé rẹ̀ dà sí mi lórí koríko. Bí èèyàn bá jẹ́ kí ewé tútù sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, koríko abẹ́ rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àrùn á sì wọ̀ ọ́. Nítorí náà mò ń gbá a láràárọ̀. Àwọn ekòló náà ń kó ilẹ̀ jáde bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ fún. Mo ní ọ̀pá gígùn kan tí mo fi ń tú ilẹ̀ wọn ká kó má baà ki mọ́ koríko lórí. Mo sì ti fi fọ́ọ̀kì onírin mẹ́rin gún ìdajì ilẹ̀ náà ní ihò ihò, kí omi òjò lè rọ́nà wọlẹ̀ kó tó dì. Ìdajì tó kù, máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ kó tó di Kérésìmesì. Bí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ aráyé lè ṣe fún koríko mọ́ àfi kó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ìrì kọ́kọ́ dì. Funfun báláú, láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé géètì. Ó dùn-ún wò. Ìwọ tí wọ́n bí sínú ilé yìí mọ òfin: bí ìrì bá ti dì, ẹnìkan ò gbọdọ̀ tẹ koríko náà. Ẹsẹ̀ tó bá kàn án ti pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kì í rí i lọ́jọ́ náà. Tí òtútù bá rọ̀ ni ojú ẹsẹ̀ náà á wá dúdú, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí koríko tuntun á fi hù. Gbogbo àdúgbò ló ń gba ọ̀nà bíríkì tó yí i po. Alton tó ń pín lẹ́tà ń kùn pé ìrìn àjò ni látẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní, "Alton, ṣe bí ẹsẹ̀ yẹn náà ni ìjọba ń sanwó fún."

Mo ti tú ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, mò ń pọ́n abẹ rẹ̀, mò ń fi epo pa á. Orí itan mi ni mo ti ń jẹun báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi wí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wilfred Hallam


Fremantle, Australia
22 Oṣù Kọkànlá, 1959

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdáwà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àlàáfíà la wà. Gwen ti ń rìn, àmọ́ bí ẹni tó mu ọtí ló ń rìn. Oòrùn ibí mú débi pé bọ́tà ń yọ́ kí n tó fi kan búrẹ́dì. Clifford ní kí n kí yín.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, kẹ́ ẹ má sì pè é ní àfojúdi. Màmá Platts kọ̀wé sí mi. Ó ní òun rí yín láti fèrèsé òun, tẹ́ ẹ gbára lé fọ́ọ̀kì láàrin koríko, tẹ́ ẹ fọwọ́ di àyà mú, pé ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó lè dá òun lóhùn. Ìyẹn ò sí nínú lẹ́tà yín. Ewé lẹ kọ sí mi. Ekòló lẹ kọ sí mi. Ẹ ní ara le.

Mo mọ koríko yẹn, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo gba ẹ̀bùn ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́, mo sì sáré wálé láti wá fi hàn yín. Ìrì dì lọ́jọ́ náà, mo sì gba àárín koríko. Ẹ ò wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi lẹ wò. Títí di oṣù kẹta ni mo fi ń rí ipa ẹsẹ̀ ara mi láti fèrèsé yàrá mi, tí màá sì máa rò ó pé ibẹ̀ ni mo ti dẹ́ṣẹ̀. Lọ́jọ́ tá a wọkọ̀ òkun ní Southampton, bàbá gbogbo èèyàn ló wá sí etí omi. Tèmi kọ̀wé pé òun ń gé etí koríko.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n tẹ wáyà sí mi lọ́jọ́ kan pé wọ́n bá òkú yín lórí rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ pé kẹ́ ẹ sinmi, dókítà ni. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ṣe rè é. Mi ò ní kọ lẹ́tà kankan sí yín mọ́ títí n ó fi rí i nínú ìwé, lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín, pé fọ́ọ̀kì yẹn ti wà nílé Màmá Platts àti pé ẹsẹ̀ yín ò ní kan koríko mọ́ títí oṣù kẹta á fi parí. Mi ò halẹ̀ mọ́ yín, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọmọ yín,
Thelma


Belper
4 Oṣù Kejìlá, 1959

Thelma,

Mo kí gbogbo yín. Mo ti rí ohun tó o kọ.

Mo ti sọ fún Ìyáàfin Platts pé bó bá tún rí mi láti fèrèsé rẹ̀, kó máa wo ìkòkò tó gbé kaná. Olófòófó obìnrin. Mo kàn dúró mí ni. Ṣé èèyàn ò lè dúró mí lórí ilẹ̀ tirẹ̀ mọ́?

O ní mo gbọ́dọ̀ kó fọ́ọ̀kì mi lọ sílé ẹlòmíì. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, ọwọ́ rẹ̀ ni fọ́ọ̀kì wà títí tó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. A kì í torí pé orí ń fọ́ni ká bẹ́ orí. Bí mi ò bá jáde láàárọ̀ lọ wo koríko yẹn, kí ni kí n máa wò? Ògiri?

O sì tún ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn láti ìgbà ogun. Jẹ́ kí n ka ọ̀kan sí ìwọ náà lọ́rùn. Ìwọ lo lọ, Thelma. Koríko ò lọ.

Mo fi kéèkì Kérésìmesì ránṣẹ́ nínú agolo. Ìyáàfin Platts ló ṣe é. Má sọ fún un pé mo ní ó dùn.

Bàbá rẹ


Belper
29 Oṣù Kejìlá, 1959

Thelma,

Ẹ kú ọdún. Ọdún á yabo fún yín níbẹ̀.

Káàdì tí Clifford fọwọ́ sí dé. Mo yí i wò síwá sẹ́yìn bóyá mo máa rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, mi ò rí i. Ó dáa náà. Mi ò bínú. Ọmọ tó ní bàbá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ìwọ kì í lè sùn tó o bá ń jà.

Ọjọ́ mọ́kànlá rè é tí òtútù ti di ilẹ̀ mú. Ilẹ̀ le bí òkúta, fọ́ọ̀kì ò lè wọ̀ ọ́, nítorí náà fi ọkàn rẹ balẹ̀. Koríko náà funfun látàárọ̀ dalẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnìkankan ò kàn án, àfi ti ẹyẹ. Mo máa ń jókòó sí fèrèsé iwájú lẹ́yìn tí mo bá mu tíì, mo máa ń wò ó. Ìgbà yẹn náà ni Alton máa ń kọjá. Mo bi í bóyá ọkọ̀ òfuurufú Australia ló ń pẹ́, ó ní lẹ́tà tí wọ́n kọ sí àwọn Dakin aládùúgbò wa láti Melbourne dé lánàá.

Ṣé ara Gwen yá? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀.

Bàbá rẹ


Belper
15 Oṣù Kìíní, 1960

Thelma ọmọ mi,

Èmi Edna Platts ni mò ń kọ̀wé yìí. Kó o tó ka èyí tó kù, bàbá rẹ ò kú. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má baà já. Ó wà ní ọsibítù ní Derby, wọ́n ń fún un lóògùn, ó sì ti ń bú àwọn nọ́ọ̀sì pé tíì wọn ò dùn. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ tẹ wáyà sí ọ, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé wáyà ń pa èèyàn ju àìsàn lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rè é. Ní àárọ̀ Ajé, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo gbé eérú iná jáde, mo sì rí Wilfred tó nà gbalaja láàrin koríko dídì. Mo figbe ta. Dakin àti ìyàwó rẹ̀ sáré jáde, èmi náà sáré. A sáré dé etí koríko, gbogbo wa sì dúró.

Thelma, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Láti ọdún 1931 tí mo ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ, ẹsẹ̀ mi ò kan koríko yẹn rí tí ìrì bá ti dì. Ara ò gbà á. Ṣe la dúró létí ibẹ̀ bí ẹni tó dé etí odò tí kò mọ̀wẹ̀. Dakin tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yípo lórí bíríkì, tó ń wá ibi tó ti máa súnmọ́ ọn jù. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé ká wá pákó ká tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni?" Pákó o. Ọkùnrin ń kú lọ.

Wilfred gbé ọwọ́ kan sókè, ó ní, "Ẹ gorí ẹ̀ wá, ẹ̀yin òmùgọ̀." Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ nínú wa. Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí Dakin tó fẹsẹ̀ sí i, bàtà ló sì kọ́kọ́ bọ́. Nínú òtútù yẹn, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa gorí ẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn náà gorí ẹ̀ pẹ̀lú ibùsùn wọn.

Nínú ọkọ̀, mo bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní koríko lòun ń wò. Mo ní, "O ti wí fún ọmọ rẹ pé o ò ní fọwọ́ kàn án mọ́?" Ó ní rárá, òun ò wí bẹ́ẹ̀. Ó wá di ojú.

Kọ̀wé sí i, Thelma. Mi ò mọ ohun tó wà láàrin yín, mi ò sì béèrè. Kọ̀wé sí i.

Edna Platts


Ọsibítù, Derby
18 Oṣù Kìíní, 1960

Thelma ọmọ mi,

O borí.

Wọ́n ti gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì tó ga bí ilé ẹyẹlé, wọn ò sì jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Má bẹ̀rù, mi ò ní kú. Ohun tó o sọ ló ṣẹ. Mo gbé fọ́ọ̀kì jáde láàárọ̀ Ajé, mo ní kí n gún ibi díẹ̀ tó kù, ọkàn mi sì já mi kulẹ̀. Ẹ̀bi ẹnìkankan kọ́, ẹ̀bi orí kunkun mi ni. Jọ̀ọ́, rẹ́rìn-ín mi dáadáa, ó tọ́ sí ọ.

Mo ti ní kí Ìyáàfin Platts gba fọ́ọ̀kì náà sílé. Ìwé tó o ní kí n kọ rè é. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi: fọ́ọ̀kì ti kúrò nílé, ẹsẹ̀ mi ò sì ní kan koríko títí oṣù kẹta á fi parí.

Ó dà bíi pé o ti lè kọ̀wé báyìí.

Bàbá rẹ


Fremantle
25 Oṣù Kìíní, 1960

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu o, Bàbá, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà Màmá Platts àti tiyín dé pa pọ̀ lónìí. Ibi tí mo ti ń ka ti Màmá Platts, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, mo sunkún títí Gwen fi wá fi búrẹ́dì tó ti jẹ sí mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà mo dé ibi tí Dakin ti bọ́ bàtà, ẹ̀rín sì gbà mí lọ́wọ́ ẹkún. Clifford rò pé orí mi ti dàrú.

Mi ò ní rẹ́rìn-ín yín, ṣùgbọ́n mo máa bá yín wí. Ṣé ẹ rí i báyìí? Dókítà sọ ọ́, mo sọ ọ́, Màmá Platts sọ ọ́. Ẹ fẹ́ràn koríko yẹn débi pé ẹ fẹ́ sùn sórí ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo dákẹ́ yìí dùn mí o, Bàbá. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin tí mo fà ya. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bóyá tí mi ò bá dákẹ́, ẹ ò bá má tíì kó fọ́ọ̀kì yẹn sílẹ̀ títí dòní. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹun. Ẹ gbọ́ ti àwọn nọ́ọ̀sì. Mo máa kọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Thelma


Belper
13 Oṣù Kejì, 1960

Thelma ọmọ mi,

Bàbá rẹ ti dé ilé lánàá. Ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́, mo sì se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn fún un, ó jẹ ẹ́ láì wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ṣàìsàn lóòótọ́. Mo ti kó ẹ̀rọ koríko kúrò lórí tábìlì.

Ó ka lẹ́tà rẹ fún mi. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Ó wá dé ibi tó o ti sọ pé o ò kábàámọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ọmọ náà gbọ́n." Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sápò. Ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa, nítorí náà mo ń kọ èyí láì jẹ́ kó mọ̀, bó bá sì mọ̀, kó máa bú mi.

Òtútù rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ojú ẹsẹ̀ ti ń dúdú jáde lórí koríko. Èmi ni mò ń gbá ewé ibẹ̀ báyìí, nítorí náà mo rí gbogbo rẹ̀. Mo mọ tèmi, mo mọ ti ìyàwó Dakin. Ti Dakin fẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ nítorí ìbọ̀sẹ̀. Ti àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn wà níbẹ̀. Gbogbo wa wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló ti ẹnu ọ̀nà ilé wá, bàbá rẹ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró níbì kan, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra wọn bíi ti ẹni tó ń sáré, ó sì kọjú sí géètì gbọnrangandan. Kò sí ihò fọ́ọ̀kì tuntun kankan. Nígbà tí mo sì lọ gba fọ́ọ̀kì náà nínú àgọ́ irinṣẹ́ rẹ̀, alántakùn ti ta okùn láti ọwọ́ ẹ̀ dé ara ògiri. Kò sẹ́ni tó gbé e láti oṣù kejìlá.

Mo dúró de Alton lẹ́nu géètì mi. Mo ní, "Alton, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ Ajé yẹn?" Ọkùnrin náà sọ báàgì kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láti ọjọ́ kejì ọdún tuntun ni Wilfred ti ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, tó ń ní kí òun tú báàgì wò dáadáa, bóyá lẹ́tà láti Australia lẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Òun á tú u, kò ní sí. Ó ní láàárọ̀ Ajé yẹn, òun ò lè fẹnu sọ "kò sí" mọ́. Òun fi orí balẹ̀ kọjá géètì. Òun gbọ́ tí ó ń kan fèrèsé, òun yára ẹsẹ̀. Òun gbọ́ tí ó pe òun lẹ́ẹ̀kan, òun rò pé yóò padà wọlé.

Bàbá rẹ mọ̀ pé bí òun bá gba orí bíríkì, Alton á ti lọ. Ó gba àárín.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mi ò sọ ọ́ fún ọ kó o lè sunkún. Mo sọ ọ́ torí pé kò dáa kí èèyàn jẹ̀bi ohun tí kò ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Edna Platts


Fremantle
21 Oṣù Kejì, 1960

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tó bá tọ́ nínú méjèèjì. Màmá Platts kọ̀wé sí mi. Ẹ má bá a jà, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ láàárọ̀ Ajé yẹn.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà yìí. Mo fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ na yín bí ẹni na ọmọdé, mo sì pè é ní ìfẹ́. Ọkàn yín ò dára, mo mọ̀ ọ́n, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù láràárọ̀. Lẹ́yìn náà mo tún kọ ọ́ sí yín pé mi ò kábàámọ̀. Ẹ sì kà á, ẹ ní mo gbọ́n. Ẹ dárí jì mí. Bẹ́ ẹ bá kú sórí ibẹ̀, ǹ bá máa sọ fún Gwen títí ayé pé koríko ló pa bàbá rẹ̀ àgbà, irọ́ ni n ó sì máa pa.

Mo dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè kí n lè bẹ̀ yín. Mo ń sọ ọ́ nínú ilé láti àárọ̀: ó wà láàyè, ó wà láàyè. Clifford ní òun ti gbọ́.

Bàbá, oṣù kẹfà ni ìgbà òtútù wa ń bẹ̀rẹ̀ níbí. Clifford gbin koríko sẹ́yìn ilé, ó ti ń yọ àpá ofeefee níbì kan, èmi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un kí òtútù tó dé. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí wá ojú rere o. Mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣé ẹ lè kọ́ mi?

Thelma


Belper
2 Oṣù Kẹta, 1960

Thelma ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Clifford, mo kí Gwen. Òjò ń rọ̀ níbí, òjò lásán, kò dì. Dókítà kékeré yẹn wá lánàá, ó gbọ́ àyà mi, ó ní ó ń lọ déédéé. Ó wá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bú u. Ara rẹ̀ ti ń yá.

Bí Clifford bá gbin koríko síbi tí igi ṣíji bò, àpá ofeefee yẹn ò lè lọ. Kó gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Kó má fún un lómi lálẹ́, àárọ̀ ni kó fún un. Tí oṣù karùn-ún bá ń parí, kó gbé abẹ ẹ̀rọ sókè kó má gé e kanlẹ̀, kó sì kó gbogbo ewé kúrò lórí ẹ̀. Fọ́ọ̀kì, ìka mẹ́rin jíjìn, kó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀, kó mì í díẹ̀, kó fà á yọ. Òun ni kó ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Kọ àwọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ sí mi, bóyá ó jẹ́ yanrìn. Mi ò lè sọ èyí tó kù láì mọ ilẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ kejì. Ẹnu Ìyáàfin Platts kì í gbé òkodoro ọ̀rọ̀ mì, mo mọ̀ pé yóò jáde. Òótọ́ ni. Alton ni mò ń lé. Mo ti ń sọ fún ara mi pé mi ò bìkítà, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ọ pé mi ò bínú, irọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo rí ẹ̀yìn báàgì rẹ̀ tó ń lọ, mi ò rántí koríko. Orí koríko ni mo wà, mi ò rántí ẹ̀. Mi ò purọ́ fún ọ torí pé mo jẹ́ ẹni rere. Mo purọ́ torí pé o jìnnà, mi ò sì fẹ́ kó o gbé irú ẹrù yẹn níbi tí mi ò ti ní lè gbà á lórí rẹ.

Ọ̀rọ̀ Southampton ńkọ́? Mo gé etí koríko lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Mo gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ohun tó kù láti gé.

Mo ti dárí jì ọ́, àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣe fún mi. A ó tún jà, èmi àti ìwọ, nítorí orí kunkun mi lo gbé lọ sí Australia. Bó o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Pè mí ní orúkọ tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n inú lẹ́tà ni kó o ti bú mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wilfred Hallam